Orúkọ Méjì Tí Sùmáyà Ń Jẹ́

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Jẹ́dà. Lówùrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí n tó jókòó dáadáa, Àlàájì Músílíù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa, ó di ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́ mú, ó sì na káàdì oúnjẹ rẹ̀ sí mi. Ó ní òun àti ìyàwó òun kó ìrẹsì, òróró, wàrà àti ẹ̀wà síwájú olùtajà ní ṣọ́ọ̀bù tí a yàn fún wọn, ni ẹ̀rọ bá kọ káàdì náà. Wọ́n ní láti dá ọjà padà sórí pẹpẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó tò sẹ́yìn wọn sì ń wò wọ́n.

Ó bi mí bóyá ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù náà ló bàjẹ́. Mo tẹ nọ́mbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Wọ́n ti dá káàdì náà dúró, wọ́n sì ti dá owó oṣooṣù ọmọ náà dúró pẹ̀lú. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n ń gba ìrànwọ́ fún kì í ṣe ọmọ òrukàn, ọmọ bíbí inú Àlàájì ni. Mo wo orúkọ ẹni tó kọ ìròyìn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé. Orúkọ mi ni mo rí.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ọkọ mi jẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ omi ló gbé wa láti Ìwó wá sí Jẹ́dà. Olùkọ́ ilé-kéwú ni mí nílé, mo sì rò pé mo gbọ́ Lárúbáwá. Ní ọjọ́ kejì tí a dé, mo lọ ra búrẹ́dì, mo bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú ìwé. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Àmín.” Ó rò pé àdúà ni mò ń ṣe. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ahọ́n mi tó bá ti ìgboro mu.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà ní Al-Hindawiyah, lápá gúúsù ìlú, níbi tí àwọn àlejò pọ̀ sí. Wọ́n ń wá obìnrin tó gbọ́ Yorùbá àti Haúsá díẹ̀, tí yóò máa lọ wo àwọn alágbàtọ́ nílé, àwọn tó ń tọ́ ọmọ tí wọn kò bí. Ẹlòmíì jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, ẹlòmíì jẹ́ aládùúgbò lásán. Ohun méjì ni ẹgbẹ́ ń ṣe fún wọn: káàdì tí wọ́n ń fi gba oúnjẹ lóṣooṣù, àti kàfálà, ìyẹn owó oṣooṣù tí olówó kan ń san fún ọmọ tí kò mọ ojú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tèmi ni láti wo ilé, kí n kọ ìròyìn, kí n sì tọ́ wọn sọ́nà nínú ìwé tí wọ́n ń béèrè. Bí ìwé kan bá sọnù tàbí tó bá ti kọjá àkókò, ìkòkò ilé kan lè má gorí iná.

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ábílà Núrà, ọmọ Jẹ́dà pọ́ńbélé tó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún. Ábílà ni wọ́n fi ń pe obìnrin tó bá ju ni lọ. Ó kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ ṣí fìríìjì onífìríìjì. Ó ní kí n kàn sọ pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Bí wọ́n bá lọ bu omi wá, ìlẹ̀kùn yóò ṣí fúnra rẹ̀, n ó sì rí oúnjẹ tó wà níbẹ̀ láìdójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ilé mẹ́fà ni mò ń wọ̀ lóòjọ́. Kí oṣù àkọ́kọ́ tó parí, mo ti mọ gbogbo mọ́ṣáláṣí tí ilé ìtọ̀ obìnrin wà láti Al-Hindawiyah dé Al-Mahjar.

Ní ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo kọ́kọ́ wọ ilé Àlàájì Músílíù. Mẹkáníìkì ni ní Al-Mahjar, ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Ràfátù, sì ń rán àbáyà nílé. Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó fún ogún ọdún láìbímọ. Abdul-Ganiyu, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tó bí Sùmáyà, Àlàájà Ràfátù sì ń bá a mójú tó ọmọ nígbà tó bá lọ síṣẹ́. Ọmọ náà pé ọdún kan àbọ̀ ni jàǹbá ọkọ̀ pa bàbá náà lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Ìyá bàbá náà ní Ìsẹ́yìn fi fóònù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ náà jìyà. Kò sí ọjọ́ tí tọkọtìyàwó náà jókòó pinnu pé àwọn yóò gbà á tọ́. Ọmọ ti wà nílé wọn, ó kàn dúró síbẹ̀ ni.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí mo débẹ̀. Mo bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó ní Sùmáyà Músílíù. Mo bi Àlàájì ohun tí ọmọ náà jẹ́ sí i, ó ní, “Ọmọ mi ni.” Etí Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ. Nílé wa, bí àgbàlagbà bá ní ọmọ òun ni ọmọ kan, ta ní í béèrè ẹni tó bí i? Mo kọ ohun tí àwọn méjèèjì sọ sínú fọ́ọ̀mù ní èdè Lárúbáwá, mo fi ìwé ikú bàbá rẹ̀ há ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ. Bẹ́ẹ̀, èmi kan náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú ní Ìwó pé nínú ẹ̀sìn wa, orúkọ bàbá tó bí ọmọ ni ọmọ àgbàtọ́ ń jẹ́, ẹni tó tọ́ ọ kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo gbàgbé rẹ̀ nídìí fọ́ọ̀mù. Fún ọdún méjì, kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Ìgbà tí wọ́n kó gbogbo fáìlì sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fi wọ́n wé ìkámà, ìyẹn káàdì ìgbélùú, ni wọ́n rí i pé Sùmáyà Abdul-Ganiyu ló wà lórí tirẹ̀. Wọ́n fura pé ọmọ tí mo rí nílé kì í ṣe ọmọ Abdul-Ganiyu, pé Àlàájì ń fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn.

Mo ní kí Sùmáyà lọ bá Ábílà Núrà gba súìtì, mo sì sọ òótọ́ fún Àlàájì pé èmi ni mo ṣèṣì. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un kọ nígbà náà. Mo ṣàlàyé pé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Mẹ́kà ló lè tún un ṣe, pé wọ́n fẹ́ rí òun àti ọmọ náà pọ̀, kí òun fẹnu ara òun sọ níwájú wọn pé òun kọ́ ni òun bí i, kí òun sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó pe ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún Ábílà Núrà, kò bá mi wí. Ó ní kí n tọ̀ wọ́n lọ sílé, kí n má jókòó sọ́fíìsì retí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo lọ. Sùmáyà wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ onílé. Àlàájì kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jìnnà.

“Àlàájà, ọmọ náà ò mọ̀,” ló wí fún mi. “A fẹ́ dúró kó dàgbà díẹ̀. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú àwọn tí a ò mọ̀ rí, nítorí ìrẹsì?”

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ju ìrẹsì lọ. Kàfálà ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé Sùmáyà àti owó ìkámà rẹ̀, ìkámà náà kò sì ní pẹ́ parí. Àlàájà Ràfátù, tó ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo wọlé láìgbójú sókè, dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní òun ti ń gbàdúrà láti ọdún yìí wá kí Ọlọ́run fi ọ̀nà tí àwọn yóò gbà sọ ọ́ han àwọn, bóyá èyí náà ni. Nígbà tí mo dìde, ọkọ rẹ̀ sìn mí dé àtẹ̀gùn, ó ní àwọn yóò lọ sí Mẹ́kà ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dá, pé àwọn yóò sọ fún ọmọ náà kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé.

Wọn kò sọ fún un. Mo mọ̀ bí mo ṣe wọ ọkọ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí Àlàájà Ràfátù mi orí sí mi láti iwájú. Èmi àti Sùmáyà jókòó sẹ́yìn, ó ń ka orúkọ gbogbo ọkọ̀ tó kọjá. Ní ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà Mẹ́kà, Àlàájì kó ìkámà wa jọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ọlọ́pàá náà ń pe orúkọ wa, ó ń wojú wa. Ó ka ti Sùmáyà: “Sùmáyà Abdul-Ganiyu?”

Ọmọ náà nawọ́ sókè, ó sì dáhùn kíákíá bí ẹni tó ti ń jẹ́ ẹ tipẹ́, “Naam.”

Wọ́n ní kí a máa lọ. Àlàájì wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó dúró. Ó yíjú sẹ́yìn.

“Sùmáyà, ta ni Abdul-Ganiyu?”

Lárúbáwá ni ọmọ náà sábà fi ń dáhùn, òun náà ló fi dáhùn nísinsìnyí. Ó ní bàbá òun tó kú ni. Ó ní orúkọ tí tíṣà ń pè láràárọ̀ nílé-ìwé nìyẹn láti ọjọ́ tí òun ti wọ kíláàsì kìn-ín-ní, pé òun bi tíṣà léèrè, tíṣà sì ṣàlàyé fún òun.

Àlàájà Ràfátù bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí kò sọ fún àwọn. Sùmáyà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Yorùbá ló sọ lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ilé rẹ̀ tí kò já geere.

“Mo rò pé ẹ ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ sunkún.”

Àlàájì gbórí lé ọwọ́ tó fi di sitiarin mú. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ọmọ náà lé itan bí ọmọ ọdún méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀. Mo lọ jókòó síwájú, mo sì kọjú sí fèrèsé. Báyìí ni a ṣe wọ Mẹ́kà.

Yàrá kan ní òkè ilé gíga ní Al-Aziziyah ni ìgbìmọ̀ ń jókòó sí, àwọn bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò tò gbọọrọ nísàlẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ pé àṣìṣe mi ni, kì í ṣe èrú ẹnikẹ́ni. Àgbà tó ń darí wọn kò tíì bi Àlàájì ní nǹkan kan tí Àlàájì fi dìde, ó di Sùmáyà lọ́wọ́ mú.

“Ọmọ Abdul-Ganiyu ni,” ló wí, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. “Èmi àti ìyàwó mi là ń tọ́ ọ. A ò bí i, ṣùgbọ́n a ò lọ́mọ míì.”

Àgbà náà so ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ó gbé wọn sókè kí Àlàájì rí i. Kò sí Mùsùlùmí tí kò mọ̀ ọ́n: bẹ́ẹ̀ ni Ànábì ṣe nígbà tó ń sọ bí òun àti ẹni tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn yóò ṣe súnmọ́ra tó ní àlùjánnà. Lẹ́yìn náà ló wá fa ìwé síwájú rẹ̀ fún ìfọwọ́sí.

Káàdì padà ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó àti oúnjẹ oṣù tó ti kọjá kò padà, Àlàájà Ràfátù sì rán àbáyà púpọ̀ sí i láti fi dí àlàfo náà. Ní tèmi, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè orúkọ méjì lọ́wọ́ ọmọ, èyí tí wọ́n ń pè é nílé àti èyí tó wà nínú ìwé. Bí èmi náà ṣe di ẹni tó ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tún kíyè sí ojú ọmọ bó ṣe ń dá wọn lóhùn, nítorí ọmọ lè ti mọ ohun tí àgbà ń fi pa mọ́ fún un.

Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ ọkọ mi parí, a sì múra ilé. Sùmáyà ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òun ló ń bá Àlàájì sọ Lárúbáwá fún dókítà báyìí. Nígbà tí mo lọ dágbére, ó fún mi ní lẹ́tà kan fún ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Yorùbá ló fi kọ ọ́, Àlàájì ló kọ́ ọ lálẹ́ ìparí ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmì ohùn pọ̀ níbi tí kò yẹ, mi ò tún ọ̀kan ṣe.

Ní Ìsẹ́yìn, mo bá ìyá àgbà náà lórí ẹní lẹ́yìn ìrun Ìrọ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, nítorí náà mo kà á fún un. Sùmáyà kọ nípa ilé-ìwé, nípa àìsàn ojú Àlàájì, àti pé òun lè se ọbẹ̀ bí Àlàájà Ràfátù ṣe ń sè é. Ìyá náà ní kí n tún ibi ọbẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó wá na ọwọ́, ó wá ọwọ́ mi rí.

“Ṣé ó ń jẹun dáadáa?”

Mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn sínú fọ́ọ̀mù fún ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọmọ kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

“Ó ń jẹun dáadáa, ìyá,” mo wí. “Ó ń jẹ, ó ń yó.”