Ìgbín Tí Kò Dé Inú Ọbẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní Oǹdó, ìyá mi kó ìgbín méjì sínú abọ́, ó ní ọbẹ̀ mi lòun fẹ́ fi sè. Mo ń yọ̀, àfi ìgbà tí mo rí i pé kò sí iná nínú ààrò. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ abẹ kékeré kan bí ẹni ń fọ ṣíbí. Olóòlà ni.

Oṣù mi kò pé tí wọ́n fi bí mi, àìsàn kò sì jẹ́ kí wọ́n dá abẹ́ fún mi ní jòjòló bíi ti ẹgbẹ́ mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ kíláàsì wa a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Olóòlà ń bèèrè ẹ o." Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ṣèlérí pé òun yóò sọ fún mi kí ọjọ́ náà tó dé.

Òun gan-an ló dì mí mú. Bàbá náà ní, "Akin, wo ẹyẹ lórí igi ọsàn yẹn." N kò tíì rí ẹyẹ kankan tó fi parí. Ó fọ́ ìdí ìgbín, ó kán omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ìtutù náà yà mí lẹ́nu ju ìrora lọ, pé ohun tó ń wọ́ nílẹ̀ lè pa iná lára èèyàn. Omijé ìyá mi ń kán sí mi lọ́rùn.

Ọgbẹ́ jinná kíákíá. Ti inú kò jinná. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn mí láti ẹ̀yìn, màá fò sókè. N kò jẹ ìgbín mọ́. Bí ìyá mi bá pè mí wá jẹun, màá kọ́kọ́ yọjú wo ààrò. Á ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín ń gun igi."

Mo ti ń hu ewú kí ìyàwó mi tó bí ọkùnrin ní Àkúrẹ́. Nọ́ọ̀sì ló dá abẹ́ fún un; ìta ni mo dúró sí, mo di ògiri mú. Ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan, ó sùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ní ó ti jinná pátá, ìyá mi ti Oǹdó dé, ó gbé ìgbín lọ́wọ́. Láìmọ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Iná wà níbẹ̀," ó ní. "Ti ọbẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí."

Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, ó bu ọ̀kan fún mi, ó mú ọ̀kan dání, kò jẹ ẹ́.

"Láti ọjọ́ yẹn, èmi náà ò fi kan ẹnu."

Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn rò pé òun nìkan ni abẹ náà kàn. Mo jókòó tì í, a jọ fi sẹ́nu.