Ẹyẹ Tí Kò Lè Lọ Hóró

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo pa ẹyẹ kan. Lóríkíìtì ni, ìbátan odídẹrẹ́ láti inú igbó ńlá ilẹ̀ olóoru, ní ọgbà ẹyẹ kan lọ́nà Ramsbottom ní ìlú òyìnbó níbí, tí mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ láti Gorton. Bàbá mi sin odídẹrẹ́ ní Ṣàgámù, ẹ̀pà la fi ń bọ́ ọ. Èmi náà bá ń yọ́ bu ẹ̀pà fún èyí tó kéré jù, mo rò pé mo ń kẹ́ ẹ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó kú.

Bọ̀dá Kúnlé, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ń tọ́jú àwọn ẹyẹ náà kí n tó dé, kò pariwo mọ́ mi. Nígbà tí dókítà ẹran la ẹyẹ náà, Bọ̀dá Kúnlé pè mí wá wo ìwe rẹ̀.

"Ṣó o rí i bó ṣe fẹ́lẹ́? Ìwe adìẹ ń lọ òkúta. Èyí ò lè lọ nǹkan kan. Nectar ló ń mu, omi dídùn inú òdòdó. Tongue ẹ̀ ní irun bíi brush, òun ló fi ń lá a."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Ẹyẹ ni."

Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ọ́fíìsì mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ti wá. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń po omi dídùn náà láràárọ̀, àti bí a ṣe ń fọ abọ́ kó tó kan. Ó ní nínú igbó, ìyẹ̀fun òdòdó a máa lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí, wọ́n á gbé e láti igi dé igi, igi á sì so. Ọdún tó kọjá ló fẹ̀yìn tì.

Kò pẹ́ tí mánéjà tuntun, òyìnbó kan, dé. Omi ni ìgbẹ́ lóríkíìtì, wọ́n sì máa ń tú u jìnnà. Àlejò kan mú ẹjọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá. Mánéjà ní láti Monday, hóró gbígbẹ ni kí n máa fún wọn, kí ìgbẹ́ wọn lè gbẹ. Mo fi àáké kọ́rí. Ó rán mi létí pé oṣù yẹn ni kọ́ńtíráàtì mi ń parí.

Sister Bísí, ọ̀rẹ́ mi ní church wa ní Newton Heath, pariwo: "Fọlá, ẹyẹ lásán! O fẹ́ fi job ṣeré? Just give them, jàre."

"Mo ti pa ọ̀kan. Mi ò ní pa ìkejì."

Láàárọ̀ Monday, mo gbé àpò hóró náà padà sórí tábìlì mánéjà. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà fún un. Mo ní bó bá wù ú, kó lé mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ tèmi ni yóò fún wọn ní hóró.

Kò lé mi. Ó fi ọ̀rọ̀ hóró sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa yá àwọn àlejò ní raincoat lẹ́nu ọ̀nà, ó wá kọ warning letter fún mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀: mo kọ̀ láti ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Mo fọwọ́ sí i, mo sì bi í bóyá mo lè mú ẹ̀dà kan lọ sílé.