Àjẹ̀ Tí Bàbá Nà Sí Mi Lórí Òkun

Ẹni tí kò wọ irú ọkọ̀ yẹn rí, ohun tí yóò kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìdí rẹ̀ yóò tutù. Ọkọ̀ ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹnì kan péré ló ń gbà. Èèyàn á na ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí ẹní, omi á sì máa ta wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ẹ̀rù á sì bà á, bó ti wù kó láyà tó. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pe eléyìí ní fàájì. Inú wọn dùn, Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí mo mọ̀.

Èmi kò bá fàájì lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ni òkun gbé, mo sì fẹ́ mọ bó ṣe gbé e.

Owó epo ti wọ ìlú nígbà náà. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, èmi nídìí òwú, òun lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Yàrá kan la háyà lọ́nà Èjìgbò, kọ́tìnì la fi pín in sí méjì. Òyìnbó ẹnjiníà kan níbi iṣẹ́ wa ló kó àwọn ọkọ̀ náà wá láti ìlú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wù lọ sétíkun, ó sì bẹ bàbá Ìlàjẹ kan lọ́wẹ̀ pé kó máa ṣíwájú àwọn tí kò tíì mọ ọkọ̀ wà. Àbúrò mi lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni kò bọ̀.

Wọ́n ní omi ló gbé e lọ. Òyìnbó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílùú rẹ̀ kí oṣù tó pé. Ilé iṣẹ́ rán ẹnì kan wá sọ fún mi pé kí n pẹ̀lẹ́, ó parí. A kò rí òkú. Ìyá wa ní Ìsẹ́yìn kò bá mi jà, ì bá sàn kó bá mi jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi mí nígbàkígbà tí mo bá délé, pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ, ṣùgbọ́n tiwa kú, ó tún nù.

Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Ọjà ni ìyá wa máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, mo sì fi ọdún mọ́kànlá ju àbúrò mi lọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá a. Bó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà, òsì ni yóò nà, n ó sì fi orógùn gbá ọwọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mo fi aṣọ dì í mọ́ ọn lára látàárọ̀ títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, èmi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé a kò kọ́ ọ nílé. Nígbà tó fi tẹ̀ lé mi wá sí Èkó, ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Òsì ló fi ń mú sípánà níbi iṣẹ́, àmọ́ bí àgbà bá ti na nǹkan sí i, ọ̀tún ni yóò yọ. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí ìjọba pàṣẹ kí mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Mo máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ pé ìjọba pàápàá ti gbà pẹ̀lú mi. Á rẹ́rìn-ín. Àwọn tá a jọ ń gbélé á ní ta ló kọ́ ọmọ yìí, èmi náà á sì gbáyà sókè.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo wọkọ̀ ní Òṣòdì, mo wá bàbá Ìlàjẹ náà lọ. Méjì nínú ọkọ̀ Òyìnbó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ojú mi, ó mọ ẹni tí mo jẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní a jọra. Mo bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ lórí ilẹ̀, mi ò ní gbà á gbọ́. Mo ní kó mú mi lọ sórí omi nígbà náà.

Ẹ̀bá ọ̀sà ló ti kọ́ mi, níbi tí omi kò ju orúnkún lọ. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà ní ojú méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá náà mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé pẹ̀lú mi nínú rẹ̀, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹsẹ̀. Mo mu omi iyọ̀ yó, mo bú u nínú mi, torí àgbà ni. Ó gbé ẹ̀wù kan wọ̀ mí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Mo bi í bóyá àbúrò mi wọ irú rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n rà wọ́n.

“Bí mo bá na àjẹ̀ mi sí ọ,” ló wí, “dì í mú. Má rò ó rárá.”

A gba ẹnu ọ̀sà jáde sórí òkun. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó gbé sìmẹ́ńtì wá tò lọ rẹrẹ níbẹ̀, wọn kò ráyè já ẹrù, bí ìlú ṣe lówó tó nìyẹn. Mo ń wa ọkọ̀, mo ń bì. Bàbá náà wà lápá òsì mi. Mo ti rò pé n ó rí ojú ibì kan tí n ó lè júwe fún ìyá wa. Níbi tó dúró sí tó ní ibẹ̀ ni, omi ló wà níbẹ̀, omi kan náà ló wà níbi gbogbo. Mo bú sẹ́kún.

Ìgbì kan dé. Ó gbé ọkọ̀ mi sókè, ó tì í sápá òsì. Bàbá náà na àjẹ̀ rẹ̀ sí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ òsì mi, ká ní mo kàn di ìka mi ni, ǹ bá ti mú un. Mi ò rò ó lóòótọ́. Mo fa òsì sẹ́yìn, mo na ọ̀tún kọjá níwájú àyà mi láti fi gbà á, ara mi yí, ọkọ̀ sì dojú dé.

Ẹ̀wù yẹn ló gbé mi léfòó. Nígbà tó fà mí dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, mo wúkọ́ títí.

“Ẹ má bínú, bàbá,” mo ní. “Mi ò lè nawọ́ òsì sí yín.”

Kò wo ojú mi.

“Ohun tí òun náà ṣe nìyẹn,” ló wí. “Òsì rẹ̀ ni mo nà án sí. Ó fà á sẹ́yìn.”

Nígbà tí mo lọ ṣọdún nílé, ìyá wa tún bi mí báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n wàyí. Mo ní omi ló gbé e lọ, ìyá. Ìdáhùn yẹn náà ni mo fún un títí ó fi kú. Orógùn tí mo fi ń gbá ọwọ́ òsì àbúrò mi ló ṣì fi rokà lọ́jọ́ ọdún náà. Ó bu oúnjẹ, ó gbé abọ́ sí mi, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á.