Nọ́ńbà Ńlá tí Jàfárù Rà

Ẹ wò ó, mi ò tíì dárí ji ọkùnrin tó ta hẹ́dífóònù yẹn fún Jàfárù. Yàrá tèmi àti tirẹ̀ ló kọjú síra ní Ìgàndó. Èmi ni mo bá a lọ sí Ìkòtún lọ́jọ́ náà lọ́dún 2013, ìṣojú mi ló ṣe.

Iṣẹ́ Jàfárù ni kó máa gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ fún àwọn tó ń kiri oògùn eku àti ti ìdun. Íápíìsì fóònù lásán ló fi ń gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ìyá rẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá Mọ̀dínátù, oríkì ni wọ́n fi ń jí Jàfárù láràárọ̀ láti kékeré. Dókítà wá ní jẹjẹrẹ ti mú wọn lọ́fun, pé òun máa yọ gògóńgò, ohùn á sì bá a lọ. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ abẹ.

Hẹ́dífóònù méjì ni ọlọ́jà gbé kalẹ̀. Wọ́n kọ óòmù 32 sára ọ̀kan, 250 sára èkejì. Ó ní 250 ló lágbára, a sì gbà. Ta ni ò ní gbà? L'Ékòó níbí, jẹnẹrétọ̀ o, spíkà o, nọ́ńbà tó tóbi la máa ń rà. A ò mọ̀ pé ti óòmù yàtọ̀, pé bó bá ṣe ga tó ló ṣe máa ń fẹ́ iná tó. Kọ̀ǹpútà Jàfárù ò nírú iná bẹ́ẹ̀ láti fún un. 32 yẹn gan-an ni ì bá bá a mu jàre.

A pa jẹnẹrétọ̀ nítorí ariwo, bátìrì kọ̀ǹpútà la gbójú lé. Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Orí mi wú, omi bọ́ lójú mi. Jàfárù ní ohùn ò fi bẹ́ẹ̀ dé etí òun nínú hẹ́dífóònù, ló bá yí máìkì sókè. Ó tún yí i. Ó yí i dópin. Bí Ìyá ṣe parí tí Jàfárù sì tọ́jú ẹ̀ tán, bátìrì kú, kò ráyè tún un gbọ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló so ó mọ́ spíkà mi. Yéè! Gbogbo ẹ̀ ti fọ́, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìdí ìkòkò, a ò dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀. Ó gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ Kọ́lápọ̀ tó ní sítúdíò l'Ẹ́gbẹ̀dá. Ìyẹn gbọ́ ọ díẹ̀, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí máìkì sókè jù, nígbà tí ẹ ń gbà á lẹ ti bà á jẹ́. Kò ṣeé tún ṣe mọ́."

Nígbà tí Ìyá dé láti ọsibítù, wọ́n fọwọ́ tọ́ etí wọn, wọ́n nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Jàfárù kúnlẹ̀.

"Màámi, mo bà á jẹ́."

Ìyá fọwọ́ pa á lórí. Ẹnu wọn ń pe Àjàní, oríkì rẹ̀, a rí i, ohùn ò jáde.

Báyìí, láràárọ̀, Ìyá á fi òrùka kan irin bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta láti jí i. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Jàfárù á ní, "Ẹ káàárọ̀, Màámi." Lẹ́yìn náà á máa retí ìyókù oríkì.