Ohùn Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ọ̀kadà

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ gbọ́ nípa ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi a máa kiri ẹ̀kọ ní Owódé. Ohùn rẹ̀ ni àwọn oníbàárà fi ń mọ̀ pé ó ti dé.

Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, mo gbọ́ ọ níta: "Ẹ̀kọ Àbẹ̀kẹ́ rè é o, ó jọ̀lọ̀!"

Ọmọbìnrin wa sáré jáde. "Màámi ti dé!"

Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde ni. Ẹlẹ́kọ kan ló so ó mọ́ ọ̀kadà.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, pa ohùn ìyàwó mi rẹ́."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìyàwó yín fúnra wọn ló polówó sínú fóònù mi nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, kí n lè máa bá wọn ta ẹ̀kọ wọn. Bí mo bá pa á rẹ́, ta ni yóò ra tèmi?"

Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ẹlẹ́kọ yẹn ló jogún ohùn Àbẹ̀kẹ́. Igbá ẹ̀kọ rẹ̀ tó ti ṣófo ni èmi àti ọmọ jogún.