Ìlà Ẹ̀yìn, Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilẹ̀kùn

Ìlà iwájú ni bàbá mi máa ń wà ní mọ́ṣáláṣí wa ní Alabar, ní Sóńgò tí àwa àlejò ń gbé, lẹ́yìn lèmọ́mù gan-an. Ẹni tó bá ṣèèṣì dúró síbẹ̀ máa rí pípọ́n ojú rẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ kan ní ìlà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó gbé kẹ́tù alùwàlá sẹ́sẹ̀.

Ìtọ̀ ló ń kán sí i lára. Kàkà kó lọ bá dókítà, àáfà ló lọ bi bóyá ìrun òun ṣì dára. Àáfà ní kó máa ṣe alùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó sì máa di àkísà mọ́ra. Èsì náà tọ̀nà. Àwa la gbà á bí ẹni gba oògùn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Èmi nìkan ni bàbá gbà fún láti máa fọ àkísà yẹn, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi.

Nígbà tí ẹ̀yìn ò jẹ́ kó dìde mọ́, a gbé e lọ sí ọsibítù ní Bantama. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, láti inú kókó kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ó sì ti wọ eegun.

Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má gbọ́. Àìsàn abẹ́ aṣọ kì í ṣe ti ìta. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Búra!"

Mo ní wàláhì. Nígbà tó kú, ohun tí gbogbo Sóńgò gbọ́ náà nìyẹn, pé ẹ̀yìn ló pa á.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo rí ẹ̀gbọ́n mi, tó ti jogún àyè bàbá níwájú, ní ìlà ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kẹ́tù bàbá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò mọ iye ráká tí mo kí.

Mo tàn án dé Bantama. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ti dé nígbà náà, tó lè jẹ́ kí wọ́n fura sí àrùn náà kó tó dé eegun. Dókítà bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ní in rí, nítorí ó máa ń ti ara bàbá dé ara ọmọkùnrin.

"Daabi," ẹ̀gbọ́n mi fi Twi sọ pé rárá, ó rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Ṣebí ẹ̀yìn ló pa bàbá wa?"

Mo ń gbọ́ ohùn bàbá létí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Jẹjẹrẹ yìí náà ni."

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè fún abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò. Kò wò mí.

"Ọdún mẹ́wàá," ó ní.