Ìdáhùn Kejì Mummy Jayé

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá ń kọ́ àgbàlagbà ní ìṣirò nírọ̀lẹ́ ní Ìkòsí, tí jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù létí fèrèsé, kò nílò àlàyé kankan.

Mummy Jayé gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe ní ọsibítù kékeré kan ní Kétu, láìní ìwé ẹ̀rí. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní àfi kí wọ́n gba C nínú ìṣirò. D7 ni wọ́n ń gbà ní GCE, ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá tún di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí wọn á ti kọjá.

Sáìnì, ìṣirò igun yẹn, ni ìyọnu wọn. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: 2 sin x = 1. Wọ́n á ṣí ìwé tébù, wọ́n á rí ọgbọ̀n dígíríì, wọ́n á gbé bírò kalẹ̀.

"Mummy Jayé, ìdáhùn kejì ńkọ́?"

"Uncle, kò sí nínú tébù."

"Ṣebí àádọ́rùn-ún ni tébù parí sí! Ẹ wo ààlà tí mo kọ síwájú ẹ̀: láti òdo dé ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo ìyípo ni! A pín in sí kúádíráǹtì mẹ́rin. Sáìnì kì í sí lábẹ́ òdo nínú èkíní àti èkejì. Ẹ yọ ọgbọ̀n kúrò nínú ọgọ́sàn-án: àádọ́jọ!"

"Háà! Ẹ má bínú, Uncle. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, ọgbọ̀n nìkan náà ni. Ọlọ́run ló kó mi yọ, ǹ bá ti bú àgbàlagbà. Mo kàn ń pariwo ṣáá ni: "Ìdáhùn kejì! Ìdáhùn kejì!"

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ojú wọn pọ́n fún àìsùn.

"Uncle, ó jáde o! Sáìnì yẹn gan-an! Mo ti kọ ọgbọ̀n, mo fẹ́ kọjá, ni mo bá rántí ariwo yín. Mo padà, mo fi àádọ́jọ kún un."

Inú mi dùn, díẹ̀ ló kù kí n jó. Mo gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Ààlà wà síwájú ìbéèrè náà kedere: láti òdo dé àádọ́rùn-ún. Ọgbọ̀n nìkan ni ìbéèrè ń fẹ́; àádọ́jọ ti kọjá ààlà.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo kì í mú èèyàn fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà létí bèbè C ńkọ́?

"Ṣé mo gbà á, Uncle?"

Mo ká ìwé náà, mo dá a padà fún wọn. "Ẹ gbìyànjú, Mummy Jayé. Ẹ lọ sùn."

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san," ni wọ́n wí. "Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ǹ bá ti fi ọgbọ̀n nìkan sílẹ̀."